Ọdún tí Òwú Dé Kókósẹ̀ Bàbá Mi

Ní ilé wa ní Sharjah, nítòsí Dubai, ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ Bàbá mi pé báwo niṣẹ́. Ìbéèrè tó máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó tó bọ́ bàtà wúwo ẹsẹ̀ rẹ̀, ni, "Báwo lòwú?" Òun náà kì í dáhùn pé dáadáa ni. Ara rẹ̀ ló fi ń dáhùn. Bó bá nàka sí àjà, a mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí kún dé òrùlé. Bó bá fọwọ́ kan èjìká, a mọ̀ pé ọkọ̀ ti wá kó nínú ẹ̀. Àyà, ìbàdí, orúnkún, gbogbo ẹ̀ ló ní ìtumọ̀ nílé wa. Al Quoz, ní apá Dubai, ni ilé ìkẹ́rùsí náà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to ìdì òwú sí bó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, títí àwọn tó ń hun aṣọ lókè òkun á fi wá rà á. Iṣẹ́ Bàbá mi ni láti gbà á wọlé, kó tò ó, kó sì tún kó o jáde. Àwọn ọmọ tá a jọ wà ní kíláàsì ń gbọ́ nípa ọjà àgbáyé látẹnu tẹlifíṣọ̀n. Èmi, ara bàbá mi ni mo ti kà á. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ pé òwú wọ́n lágbàáyé, orúnkún Bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta là ń gbé, nínú ilé kan tó kọjú sí àwọn mẹkáníìkì Industrial Area. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. A ta kọ́tìnì gba àárín pálọ̀ kọjá, ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn sì ni bedspace, ìyẹn ibi ìbùsùn tí Bùọ̀dá Sàmú ń háyà, ọmọ Ìkòròdú tó ń ṣe security ní mall kan. Iṣẹ́ alẹ́ ni tiẹ̀, ọ̀sán ló ń sùn, ó sì wá bọ́ sínú ilé tí ariwo kì í tán nínú ẹ̀. Láàárọ̀, ìpè àdúrà ló máa ń kọ́kọ́ jí wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkòkò obìnrin ará Kerala ní Íńdíà tó ń gbé lókè wa á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, àwọn mẹkáníìkì á gbé òòlù lé irin, amúlétutù ojú fèrèsé á sì máa kùn bí àgbà tí wọn ò fún ní ẹran. Màmá mi á ti lọ síbi tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan, èmi á sì máa gbá iyanrìn kúrò ní bàkónì. Iyanrìn yẹn ò mọ̀ pé wọ́n gbá òun lánàá. Mo máa ń rojọ́ ẹ̀ fún Màmá mi lójoojúmọ́, á sì dá mi lóhùn pé ikùn wa náà ò mọ̀ pé òun gúnyán fún un lánàá. Inú ariwo yẹn ni mo dàgbà sí, kò sì síbi tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí oorun lè tètè gbé mi lọ títí di ìsinsìnyí.

Ọdún yẹn ni Màmá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn. A lọ pàdé ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì ń bọ̀ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ó di ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ mú bí ẹni tó fi ẹyin pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tá a délé, ó tú ìṣẹ́tí náà sórí tábìlì. Kóró òwú ni, bí ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan, dúdú, tí irun funfun díẹ̀díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá mi wò ó, ó wo Bàbá mi. "Mà, ẹ̀ bá kúkú bá wa gbé ẹ̀gúsí wá," ló sọ. Màmá Àgbà ní ẹ̀gúsí wà nínú báàgì, ẹnì kan ò kàn lè máa gbé lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹun nídìí òwú kó má sì rí igi òwú sójú. Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ọjọ́ yẹn. Kò pẹ́ tó fi sọ ilé wa di tiẹ̀. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní khubz, ó kà á sí òkèlè tí àwọn ará ibí ò rò kó dẹ̀, ó sì ń fi í jẹ ẹ̀gúsí láìbínú. Obìnrin ará Kerala tòkè ń gbé ìrẹsì alágbọn wá fún un, òun náà ń gbé mọ́ínmọ́ín gòkè lọ fún un, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí, tí ẹnì kan nínú wọn ò gbọ́ èdè ẹnì kejì.

Agolo ńlá méjì tí obìnrin ará Kerala yẹn ti lo ghee, ìyẹn bọ́tà yíyọ́, inú wọn tán ni Màmá Àgbà fi gbin òwú sí bàkónì. Bí omi á ṣe tó ló kọ́kọ́ ń dà wá láàmú, torí oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Màmá Àgbà wá rí i pé omi ń kán tó, tó, tó láti ìdí amúlétutù, ó sì gbé agolo méjèèjì sábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òwú Ìṣẹ́yìn ṣe ń mu omi amúlétutù ní Sharjah, tó ń ga, tó ń ta ewé. Láàárọ̀, bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, iṣẹ́ mi ni láti tú abẹ́ ewé wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Bá a bá ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni Màmá Àgbà á máa sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, òwú máa ń kún yàrá nílé àwọn débi pé orí ẹ̀ làwọn ọmọdé ń sùn, wọn kì í sì í gbọ́ òtútù ọyẹ́. Àwọn oníṣòwò á wá láti ọ̀nà jíjìn. Obìnrin tó bá mọ òwú ran kì í tọrọ ata. Lẹ́yìn ìyẹn òwú ilé dín kù, ó ku ti orí ẹní, ó ku ti inú apẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì kó lọ sí Èkó. "Ní báyìí," ló wí, tó ń fi ìka ta erùpẹ̀ ìdí igi, "ẹ̀yin lẹ wá ń gbé nílẹ̀ tí ò gbin òwú, ẹ wá ń ṣọ́ òwú ẹlòmíràn, àwọn ará ilé sì ń ránṣẹ́ sí Dubai kẹ́ ẹ báwọn ra aṣọ." Kò sọ ọ́ bí ẹni tínú ń bí. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, bí ìgbà téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó sọnù tó wá rí i ní ọjà ìlú mìíràn.

Kò pẹ́ sígbà tí òwú bàkónì bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ni ti Al Quoz bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kó òwú wá fún wọn ní ojò ba tàwọn jẹ́, àwọn fẹ́ mọ bí èyí tó kù nílé ṣe tó kí èyíkéyìí tó jáde mọ́. Wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń rà kò dúró o. Wọ́n ń sáré wá kó èyí tó wà nílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan Bàbá fọwọ́ kan àyà. Kí oṣù tó parí ó ti dé ìbàdí. Màmá mi kì í tún béèrè sókè mọ́. Á kàn gbójú sókè láti ìdí ìkòkò, Bàbá á sì tẹ̀ba díẹ̀, á fọwọ́ kan orúnkún. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n bára wọn sọ, torí ògiri ilé wa ò le. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí náà. Bí òwú bá tán, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́, àwọn méjì yòókù á gba ilé wọn lọ, Bàbá mi ló sì dé gbẹ̀yìn nínú wọn. Visa Bàbá ni tèmi rọ̀ mọ́. Bó bá lọ, mo gbọ́dọ̀ bá a lọ. Màmá mi ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò ṣeé fi sílẹ̀, torí òun nìkan lá wá ku tó ń rí owó oṣù. Ìyẹn ni pé èmi àti Bàbá á wà ní Ìṣẹ́yìn, Màmá mi á wà ní Sharjah, a ó máa wo ara wa lórí fóònù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ láìrojọ́, bí ẹni pé iyanrìn ló fẹ́ lé wa.

Màmá Àgbà gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní òfin kan tó mú wọlé wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ìdí nǹkan kì í hàn síta. Bí iyọ̀ bá fẹ́ tán, a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù sísàlẹ̀ kí tuntun wá bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gààrí, bẹ́ẹ̀ náà ni epo. Ẹni tó bá gbọn àpò gààrí dé ìdí, òun ló lé èyí tó ń bọ̀ padà. Nílé tiwọn ní Ìṣẹ́yìn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ran òwú ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. "Òwú ló ń pe òwú," ló máa ń wí. Bùọ̀dá Sàmú, tó ti gbọn ìdí àpò gààrí wa lẹ́ẹ̀kan rí, gba ìbáwí tó ranlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ń ṣe é nílé mi báyìí, mi ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ọkọ mi ju pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe.

Ó wá bọ́ sí i pé ọ̀sẹ̀ tí òwú Al Quoz dé ojúgun Bàbá ni òwú bàkónì là. A jí láàárọ̀, a bá a níbẹ̀, funfun nínú erùpẹ̀ àti èéfín ọkọ̀. Mo pariwo débi pé Bùọ̀dá Sàmú jáde látẹ̀yìn kọ́tìnì tòun ti ojú oorun, ó wò ó títí. "Mama, na real cotton be this o," ló sọ, ó sì padà lọ sùn. Màmá Àgbà já èyí tó ti là dáadáa, ó yọ kóró inú wọn. Ó fi díẹ̀ ran òwú tó fi rán bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé mi. Èyí tó kù, ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dì í sínú ọ̀rá mímọ́, ó sì gbé e fún Bàbá mi bó ṣe fẹ́ jáde.

"Àlàó, bó o bá débẹ̀, fi í sí igun ilé yẹn. Kó má ṣófo."

"Màámi, ilé iṣẹ́ ni. Camera wà níbẹ̀."

"Ṣé camera ò rí òwú rí ni?"

"Wọ́n á rò pé orí mi ti dàrú, Mà."

"Ṣe mo bí ẹ kí orí ẹ lè dàrú? Gbà."

Ó gbà á. Ọkùnrin tó ń dárúkọ ìdì òwú fún àwọn awakọ̀ ńlá pẹ̀lú ohùn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ki ẹ̀kúnwọ́ òwú ìyá ẹ̀ sínú báàgì oúnjẹ, lábẹ́ fìlà àdúrà, ó sì lọ bá bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́. Màmá mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má bàa rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ Bàbá mi ò rí àyè. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n wá kó ìdì tó gbẹ̀yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, ojú ń tì í láti lọ gbé òwú bíńtín kalẹ̀ ní igun níbi tí wọ́n ti ń kó òwú ńlá lọ, bó sì ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ó gbàgbé ẹ̀ sínú báàgì. Ìgbà tí wọ́n ń lọ ilé ni Khan bhai, olùṣọ́ ẹnu géètì tóun àti ẹ̀ jọ máa ń mu tíì, yẹ báàgì wò bó ṣe ń yẹ ti gbogbo wọn wò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Bàbá mi jókòó sórí àga, kò bọ́ bàtà, ó sì sọ fún wa bó ṣe lọ. Khan bhai ní kí nìyí. Ó ní òwú ni. Khan bhai ní òun rí i pé òwú ni, òwú ta ni? Ó ní ti ìyá òun. Khan bhai ní ṣé ìyá ẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ni? Ó ní rárá, bàkónì ló gbìn ín sí, òun kàn gbé e wá kí ilé ìkẹ́rùsí má bàa ṣófo ni. Ó ní bóun ṣe ń sọ ọ́ lòun náà ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí. Khan bhai wojú oòrùn, ó wojú ẹ̀, ó sì pe ọ̀gá wọn tí gbogbo wọn ń pè ní Mudir. Wọ́n gba òwú náà àti káàdì ìwọlé lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Sátidé wá ṣàlàyé.

 Bùọ̀dá Sàmú tó ń múra iṣẹ́ alẹ́ ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé pé ẹ wá smuggle òwú wọ inú ilé òwú? Èyí ju ẹni tó bu omi lọ sódò lọ." Màmá mi bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbìyànjú láti dákẹ́, kò lè dákẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, òwú ló fẹ́ lé wa lọ sílé. Ní báyìí, wọ́n tún máa fi orúkọ olè lé wa. Màmá Àgbà ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé aago mélòó làwọn ọ̀gá máa ń débi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ìró òfì tó gbé wá láti Ìṣẹ́yìn, ó ká òṣùká, ó sì ní kí Bàbá mi ru agolo kan lé òun lórí, tòun ti igi òwú inú ẹ̀, tí èso mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là wà lórí ẹ̀. Bàbá ní kóun bá a gbé e. Ó ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í ru ẹ̀rí ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ìyá àgbà níwájú, ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn, èmi láàárín torí èmi ló máa tú ọ̀rọ̀ sí Òyìnbó. Àwọn mẹkáníìkì gbé òòlù sílẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ní àdúgbò yẹn nìyẹn, Bùọ̀dá Sàmú ò sì sí nílé láti gbádùn ẹ̀. Awakọ̀ taksí ní òdòdó ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òun. Màmá Àgbà ní kí n sọ fún un pé kì í ṣe òdòdó, aṣọ tí awakọ̀ náà wọ̀ sọ́rùn ni. Ó wo kọ́là ẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Mudir ti dàgbà, irùngbọ̀n ẹ̀ funfun bí ọjà tó ń tà. Màmá Àgbà sọ agolo náà kalẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀, iyanrìn dà sórí ìwé. Ó jókòó kí Mudir tó ní kó jókòó. "Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un pé òwú mi rèé, ọmọ mi rèé. Méjèèjì ni mo tọ́ dàgbà fúnra mi." Mo sọ ọ́. Mudir fọwọ́ kan èso òwú náà, ó tún fọwọ́ kàn án, ó wá béèrè ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé á béèrè: kí ló dé tí ẹnì kan á fi gbé òwú wá sílé òun? Màmá Àgbà ṣàlàyé ẹ̀ látorí iyọ̀ dórí gààrí, ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju Òyìnbó tí mo gbọ́ lọ. Mo mí, mo ní, "Sir, ìyá wa ní kí ebi má bàa pa ilé yín ni."

 Mudir bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, títí tó fi yọ awò ojú ẹ̀ nù. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré, ìyá òun kì í jẹ́ kí wọ́n gbọn ìdí àpò ìrẹsì, òun sì ti rò pé irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ti tán. Ó mú ẹ̀kúnwọ́ òwú náà látinú dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó ní kí gbogbo wa dìde. A rìn wọ inú ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo, tí ẹsẹ̀ wa ń dún nínú ẹ̀ lemọ́lemọ́. Màmá Àgbà fi òwú náà sí igun, ó fi bíríkì kan tẹ̀ ẹ́. "Khalas, mama," ni Mudir wí, ìyẹn ni pé ó ti parí. Ó bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá káàdì Bàbá mi padà fún un. Khan bhai bu tíì wá, ó kọ́kọ́ gbé ti Màmá Àgbà fún un.

Nígbà tí oṣù parí, Bàbá mi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́. Mudir sọ fún un pé àwọn tóun ti mú ní géètì yẹn pẹ̀lú òwú ò lóǹkà, Bàbá mi nìkan ṣoṣo lòun mú pé ó ń kó o wọlé. Ẹnì kan nínú àwọn méjì yòókù ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó táyà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnì kejì sì padà lọ bá ìyàwó ẹ̀ tó ti ń pè é tipẹ́. A ṣì wà papọ̀. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ò sì tì mí. Visa Màmá Àgbà pé, ó padà sílé, ó fi agolo méjèèjì sílẹ̀ fún mi. Ilé ìkẹ́rùsí yẹn ti di ilé kọfí báyìí, níbi tí àwọn ọmọge ti ń ya fọ́tò. Mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ nígbà mìíràn, mo sì máa ń wo igun tí bíríkì yẹn wà nígbà yẹn. Ìkòkò òdòdó ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọdún yẹn parí sí nínú ọkàn mi ni ìrọ̀lẹ́ kan, tí ilé ìkẹ́rùsí ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́, tá a ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé ìbéèrè wa. Ẹ̀bà wà lórí tábìlì, ìkòkò òkè ń súfèé. Bàbá mi wọlé. Màmá mi gbójú sókè, ó ní, "Báwo lòwú?" bí ẹni tó kàn ń kíni.  Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ká sòkòtò ẹ̀ sókè, ó sì fi ìka kan kókósẹ̀. Bí a ṣe pariwo pé òwú ti ń padà wọlé lọ́jọ́ yẹn, Bùọ̀dá Sàmú já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ti pe Ìṣẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó ránnilétí. Màmá Àgbà gbọ́ mi tán, kò yọ̀, kò dúpẹ́, ó ní kí n gbé fóònù fún bàbá mi.

"Àlàó," ló wí, "èwo ló wà nísàlẹ̀?"

Bàbá mi fọwọ́ nu ojú. "Tiwa ni, Màámi. Orí tiwa la tò ó lé."